Kí a tó fi owó àjọ ra káàdì tuntun: ọ̀rọ̀ lórí 1050 Ti àti ilé gémù

Ohùn mẹ́rin tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kano fi sórí ẹgbẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. A kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn, nítorí àwọn tí dátà wọn ò lè gbé ohùn gígùn. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá kàn.

OHÙN KÌÍNÍ

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará wa l'Ókè Ọya. Ẹ kú ọjà, ẹ kú òógùn ojú. Àwọn tó wà ní Jos, ní Kaduna, ní Minna, ní Sokoto, títí dé Maiduguri, mo kí gbogbo yín pátá. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọjà ó tà.

Ọ̀rọ̀ tí àbúrò wa ní Jos gbé wá lánàá ni mo fẹ́ dá sí, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló kàn. Àwọn kan nínú wa ń ṣe ilé gémù mọ́ ọjà tí wọ́n ń tà, àwọn míì sì wà tí ọmọ wọn ń dààmú wọn nílé. Àbúrò ní kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà ní ṣọ́ọ̀bù òun, GTX 1050 Ti ló wà nínú gbogbo wọn, àwọn ọmọ tó ń wá gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ sì ti ń sá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì torí pé gémù ń há. Ó ní Jímọ̀ tó ń bọ̀ ló kàn òun láti kó àjọ, òun á sì fi gbogbo rẹ̀ ra káàdì tuntun mẹ́rin.

Àbúrò mi, dúró ná. Má tíì fọwọ́ kan owó yẹn.

Mi ò ní káàdì yẹn ò tíì darúgbó o. Oṣù kẹwàá ọdún 2016 ni Nvidia gbé e jáde, nígbà tó jáde pàápàá, káàdì mẹ̀kúnnù ni. Ohun tó jẹ́ kó pọ̀ lọ́wọ́ wa ni pé wáàtì 75 péré ló ń jẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò nílò wáyà iná kankan láti inú power supply, inú ihò tí a kì í bọ̀ lára bọ́ọ̀dù ló ti ń mu iná rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè mú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀, irú Dell tàbí HP tí wọ́n ń kó wá láti ìlú òyìnbó, kó ki káàdì yìí bọ̀ ọ́, kó di kọ̀ǹpútà gémù lọ́jọ́ kan náà. Tí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré ò ní máa pariwo lé e lórí. Fún àwa tó ń ra epo, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Iṣẹ́ tí káàdì ń ṣe ò le láti yé èèyàn. Àwòrán ló ń yà. Bí sinimá ṣe jẹ́ àwòrán tó ń tẹ̀ lé ara wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni gémù, àmọ́ ti gémù ò tíì sí nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Káàdì ló ń yà á bí ọmọ ṣe ń tẹ páàdì. Tó bá ya 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bọ́ọ̀lù á máa lọ wẹ́rẹ́. Tó bá ya 25, ojú á ti mọ̀ pé ó ń fà. Èyí tó burú jù lójú tèmi ni kó ya 60, kó já sí 20, kó tún padà sí 60. Ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ ibí á pariwo pé "yana makalewa", wọ́n á ju páàdì sílẹ̀, wọ́n á ní kí o dá owó àwọn padà.

Ohun tí mo máa ń bá nínú ọ̀pọ̀ káàdì tí wọ́n gbé wá pé ó ti kú tán ni pé kò rí ààyè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ rárá. Ooru gba díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, RAM gba díẹ̀, settings gba èyí tó kù. Ká kọ́kọ́ gba nǹkan rẹ̀ padà fún un, ká tó sọ pé ká lé e lọ.

OHÙN KEJÌ

Ẹ má bínú, oníbàárà kan ló wọlé.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ lọ wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Wáyà tó lọ sí mọ́nítọ̀, ibo ni wọ́n kì í sí? Ẹ rẹ́rìn-ín o, àmọ́ mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ní ihò mọ́nítọ̀ tiẹ̀ lára bọ́ọ̀dù, lókè. Káàdì náà ní tiẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ki wáyà bọ ti òkè, gíráfíkì kékeré tó wà nínú prósẹ́sọ̀ ló ń lò, káàdì tó fi owó rà kàn jókòó síbẹ̀ ni, ó ń jẹ iná lásán. Ẹ fà á yọ, ẹ kì í bọ ara káàdì.

Tí ìyẹn bá ti dáa, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ má fi ojú gbọ́n-ọ̀n gbọ́n-ọ̀n. Ohun èlò kan wà tí wọ́n ń pè ní MSI Afterburner, ọ̀fẹ́ ni, kò sì kan bóyá MSI ló ṣe káàdì yín tàbí ẹlòmíì. Orí ojúlé MSI fúnra wọn ni kí ẹ ti gbé e o, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ní òun ní "cracked". Nǹkan ọ̀fẹ́, kí ni wọ́n ń crack níbẹ̀? Ó máa fi nọ́ńbà hàn yín ní igun ojú mọ́nítọ̀ bí gémù ṣe ń lọ: bí káàdì ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, bó ṣe gbóná tó, bí prósẹ́sọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, àti iye RAM tó ti lọ. Ẹ gbá eré kan, ẹ jẹ́ kó pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí nǹkan ó ti gbóná dáadáa, kí ẹ wá kà á.

Báyìí ni kíkà rẹ̀. Tí káàdì bá wà ní 97 sí 99%, ó ń lo gbogbo agbára rẹ̀, òun gan-an ni iṣẹ́ náà pọ̀ jù fún. Àmọ́ tí káàdì bá wà ní 55%, tí prósẹ́sọ̀ sì ti kún, prósẹ́sọ̀ ni káàdì ń dúró dè. Ẹ wo kóòrù prósẹ́sọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan o, torí àpapọ̀ wọn lè ka 60% nígbà tí ọ̀kan nínú wọn ti kún dé ẹnu, ọ̀kan yẹn ló sì ń dá gbogbo gémù dúró. Ní irú ìyẹn, tí o bá lọ ra káàdì tó lágbára ìlọ́po mẹ́ta, iye àwòrán kan náà ni wàá máa rí. Ẹni tí èlùbọ́ rẹ̀ ò tó, tó lọ ra ìkòkò ńlá, ṣé àmàlà á wá pọ̀ sí i ni?

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ RAM ti wọlé. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ló máa ń wá pẹ̀lú RAM ẹyọ kan, gíígì mẹ́jọ lódindi lójú ihò kan. Prósẹ́sọ̀ ní ọ̀nà méjì tó lè gbà kó ẹrù láti inú RAM. Tí RAM bá jẹ́ ẹyọ kan, ọ̀nà kan ti pa nìyẹn. Gíígì mẹ́rin méjì dáa ju mẹ́jọ kan lọ, mẹ́jọ méjì tún dáa jù. Kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé nọ́ńbà tó ga jù lókè, ibi tó ń já sí ni ó ń gbé dìde, ibẹ̀ gan-an ni gémù sì ti ń há. Ihò méjì tó bá ara wọn mu ni kí ẹ kì í sí. Lára ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, àwọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń fún wọn. CPU-Z, ọ̀fẹ́ lòun náà, máa fi hàn tó bá ti bọ́ sí i. Kí ẹ tó jáde lọ rà á, ẹ wò ó bóyá DDR3 ni tàbí DDR4, torí ọ̀kan ò lè wọ ihò èkejì. Owó RAM ẹyọ kan, ẹ fi wé owó káàdì tuntun kan.

Tí gémù bá sì wà lórí hard disk tó ń yí, tí kì í ṣe SSD, ó lè máa há bó bá ń wá nǹkan lórí díìsì, pàápàá nínú gémù tó ní ìlú ńlá bíi GTA V. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn.

OHÙN KẸTA

Ooru. Ẹ̀yin tó wà níbí ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ọyẹ́ á da eruku sí wa lára láti oṣù kọkànlá, kí eruku yẹn tó tán, ooru oṣù kẹta ti dé, ìta nìkan á kọjá 40. Ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ ogún kún inú rẹ̀ ńkọ́?

Káàdì Nvidia mọ ara rẹ̀ ṣọ́. Bó ṣe ń gbóná ló ń fa eré rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, tó bá sì dé òpin tí wọ́n fi sí i, 83 ló pọ̀ jù nínú irú èyí, ó máa já wálẹ̀ gan-an kó má bàa jóná. Nítorí náà káàdì kan náà tó ń gbé gémù dáadáa láàárọ̀ lè máa há ní aago mẹ́ta ọ̀sán, onítọ̀hún á wá rò pé káàdì ń bàjẹ́ lọ. Eruku ni.

Ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ lára iná, ẹ fi blower fẹ́ ẹ níta ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fi ìka di fáànù mú bí ẹ ṣe ń fẹ́ ẹ, kó má bàa yí ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá ti ju ọdún mẹ́ta mẹ́rin lọ tí wọn ò tíì ṣí i rí, thermal paste tó wà láàárín ẹ̀rọ àti irin rẹ̀ ti lè gbẹ bí ẹ̀kọ àná. Ẹ ṣí àwọn skúrú ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ yọ wáyà fáànù jẹ́jẹ́, ẹ fi spírítì àti òwú nù ún mọ́, ẹ fi tuntun bíi hóró ẹ̀wà kékeré kan sí àárín, ẹ padà dè é. Ẹ má dè é ní ẹ̀gbẹ́ kan tán kí ẹ tó lọ sí èkejì. Ẹ máa de é ní igun dé igun, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, kó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà.

Ohun kan tún wà tí ilé gémù ń ṣe, mi ò fara mọ́ ọn. Àpótí pákó. Nítorí olè, ẹ ti kọ̀ǹpútà mọ́ inú pákó, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí i, wáyà nìkan ló ń jáde. Bí ìgbà tí èèyàn da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹni tó ń sáré ni. Ẹ gé iwájú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ kan nẹ́ẹ̀tì irin síbẹ̀. Olè ò ní rí i gbé, afẹ́fẹ́ á sì kọjá. Nínú Afterburner kan náà, ẹ lè pàṣẹ fún fáànù kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yára láti 60, kó má dúró di ìgbà tó bá gbóná tán. Ariwo á pọ̀ díẹ̀, àmọ́ ta ló ń gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń pariwo "goal"?

Àwọn ọmọdé á tún sọ fún yín nípa overclock, pé kí ẹ ti káàdì kó sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Ó ṣeé ṣe. Memory rẹ̀ máa ń gbà díẹ̀, ẹ máa fi 50 kún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí àmì aláwọ̀ bá ti ń yọ lójú mọ́nítọ̀ ẹ padà sẹ́yìn. Àwòrán díẹ̀ péré lèrè ẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́ nínú ooru Kano, mi ò ní ṣe é fún un. Ti ọmọ tó ń gbá gémù nínú yàrá rẹ̀ nílé, ìyẹn lè gbìyànjú ẹ̀.

Ó wá ku settings. Ibí ni èrè tó pọ̀ jù wà, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀.

Ojú mọ́nítọ̀ jẹ́ àkójọ àmì iná kéékèèké. 1920 sí 1080, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, 2,073,600 ni. Gbogbo ìyẹn ni káàdì gbọ́dọ̀ kùn, nígbà 60, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ẹ bá fà á sílẹ̀ sí 1600 sí 900, ó di 1,440,000. Ẹ ti gbé nǹkan bí ìdá mẹ́ta iṣẹ́ kúrò lórí rẹ̀, ọmọ tó jókòó síwájú mọ́nítọ̀ kékeré lè má mọ̀. 1280 sí 720 jẹ́ 921,600, kò tó ìdajì, àmọ́ ojú á mọ̀ ọ́n, nǹkan á ti máa rí bí ìgbà tí omi wọ inú gíláàsì. Fún 1050 Ti, 900 yẹn ni mo máa ń fi sílẹ̀ fún wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Shadows. Òjìji. Ẹ fà á sí Low, ẹ má wojú ẹ̀. Reflections náà, àti MSAA, ẹ pa á. Nínú GTA V, Grass wà lára àwọn tó ń jẹun jù, ewéko lásán. Àmọ́ ẹ má yára fà Textures wálẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń fà á wálẹ̀ ṣìkejì, ojú agbábọ́ọ̀lù á wá dà bí amọ̀, FPS ò sì ní kúrò lójú kan. Textures, ọ̀rọ̀ ààyè ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára. Ẹ wò ó bíi ṣọ́ọ̀bù: 1050 Ti ní gíígì mẹ́rin tiẹ̀, ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Bí ọjà bá ṣì gba inú ṣọ́ọ̀bù, kò sí wàhálà, o nawọ́ o mú un. Ìgbà tí ọjà bá kún jù tí o wá kó èyí tó kù sí ilé ìkẹ́rù ní Singa, tí o wà ní Sabon Gari, tí oníbàárà ń béèrè tí ìwọ ń rán ọmọ lọ rán ọmọ bọ̀, ìgbà yẹn ni nǹkan á há. GTA V máa ń fi hàn lójú settings rẹ̀ bí ṣọ́ọ̀bù ṣe kún tó. Bí kò bá tíì kún, ẹ fi Textures sí High, kí ojú ó jẹun.

Nínú àwọn gémù tuntun kan, ẹ máa rí FSR. AMD ló gbé e jáde ní 2021, àmọ́ wọn ò ṣe é ní ti ara wọn nìkan, 1050 Ti máa lò ó. Ó máa ń jẹ́ kí káàdì ya àwòrán kékeré kó wá fẹ̀ ẹ́ lójú dáadáa. Ẹ fi sí Quality, ẹ má lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. DLSS tí ẹ ń gbọ́, ti káàdì RTX ni, ẹ má wulẹ̀ wá a.

Kí ẹ sì de FPS mọ́ 60. Mọ́nítọ̀ tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa ò lè fi ju 60 hàn, kí ni káàdì ń ya 90 fún, tó ń gbóná lórí òfo?

OHÙN KẸRIN

Ẹnì kan ti kọ ọ́ sábẹ́ pé òun gbọ́ pé Nvidia ti pa 1050 Ti tì. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n fi òpin sí driver gémù tuntun fún ìran káàdì yìí. Èyí tó kù ni ti ààbò, ìyẹn á sì dé oṣù kẹwàá ọdún 2028. Kì í ṣe pé káàdì máa kú. Gémù tó ń gbé lónìí, á máa gbé e. Àwọn tí wọ́n ṣì máa ṣe ni wọn ò ní tún ojú rẹ̀ wò mọ́. Driver tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ fi sí i, kí ẹ kọ́kọ́ fi DDU gbá ti àtijọ́ kúrò pátápátá.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi jù nìyí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Káàdì ayédèrú wà. Wọ́n á mú GTS 450 tàbí GTX 550 Ti àtijọ́, káàdì tó ti jáde láti 2010 àti 2011, wọ́n á yí BIOS rẹ̀ padà kó máa pe ara rẹ̀ ní 1050 Ti, wọ́n á fi páálí tuntun wé e. Windows á gbà á gbọ́. Gémù ò ní gbà. GTX 1050 Ti gidi ní kóòrù 768. GTS 450 ní 192. Ẹ fi GPU-Z wò ó, láti 2018 ló ti ń kọ FAKE gàdàgbà síwájú orúkọ irú wọn. Tí ẹ bá rí ihò VGA aláwọ̀ búlúù lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fura, torí ẹ̀rọ inú 1050 Ti gidi ò ní VGA tiẹ̀. Tí ẹni tó tà á bá sì ní driver tí òun fún yín nìkan ni kí ẹ lò, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Àbúrò mi ní Jos, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí o yẹ̀ wò bẹ́ẹ̀. Tí méjì bá jẹ́ ayédèrú, káàdì méjì nìyẹn, kì í ṣe mẹ́rin.

Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí káàdì ṣì wà ní 99%, tí gémù ṣì ń fà, ó ti dé ibi tó lè dé nìyẹn. FC 24, àwọn tó ṣe é fúnra wọn kọ 1050 Ti síbẹ̀ pé òun ló kéré jù. Kò sí ẹ̀tàn nínú ìyẹn. Àmọ́ kí ẹ tó ra òmíì, ẹ wo inú kọ̀ǹpútà. RX 580 pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ sì ń wu èèyàn, ṣùgbọ́n wáàtì 185 ló ń jẹ, ó fẹ́ wáyà iná tiẹ̀, power supply kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ò sábà ní i. Owó káàdì di owó power supply, nígbà míì ó di owó àpótí tuntun, epo jẹnẹrétọ̀ ṣì ń dúró. GTX 1650 ló rọrùn jù fún irú kọ̀ǹpútà wa, wáàtì 75 lòun náà, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, àwọn kan nínú wọn ní ihò wáyà iná, àwọn kan ò ní. Ẹ ra ẹyọ kan ná. Ẹ fi sínú kọ̀ǹpútà kan, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbá a fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má san owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí kò bá tan án lójú yín, tí ẹ ò rí GPU-Z, tí ẹ ò sì gbá eré kan lórí ẹ̀.

Àlàájì tó béèrè nípa laptop ọmọ wọn, ẹ má bínú, mi ò gbàgbé. Ti laptop, wọ́n ti jó káàdì mọ́ bọ́ọ̀dù, kò ṣeé pààrọ̀ bíi ti kọ̀ǹpútà tó dúró. Ẹ gbé eruku rẹ̀ kúrò, ẹ wò ó bóyá ààyè wà fún RAM kejì, kí ọmọ ó sì jẹ́ kó wà lára iná bó bá ń gbá gémù, torí ó máa ń fa eré rẹ̀ sẹ́yìn lórí bátìrì. Ẹ ya fọ́tò abẹ́ rẹ̀ fún mi, kí n lè ka orúkọ rẹ̀. Ẹ kọ ìbéèrè yòókù sílẹ̀, ẹ má pè mí láàárọ̀, ọjà Mọ́ńdè ni.